Ìyá Ikán Ń Wá Ọ̀gá

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọmọbìnrin yìí fẹ́ lọ jókòó níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti gbèjà iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ni gíláàsì ojú rẹ̀ já bọ́ lórí àtẹ̀gùn, tí apá rẹ̀ kan sì kán. Láìsí gíláàsì yẹn, ojú ènìyàn kò yàtọ̀ sí ògiri lójú rẹ̀. Ó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí géètì yunifásítì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe gíláàsì, ó sì gbé èyí tó kán kalẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ aláìsàn dé ọsibítù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi so ó pọ̀. Kódà bó jẹ́ okùn lẹ máa fi so ó, mo gbà."

"Okùn kẹ̀? Ṣé ewúrẹ́ ni?" Ọkùnrin tó wà nídìí káńtà ti mú un lọ́wọ́. "Ẹ jókòó. Ìgbà wo ló yẹ kẹ́ ẹ débi tí ẹ ń lọ?"

"Ó yẹ kí n ti wà níbẹ̀."

Ọkùnrin náà tẹ orí ba iṣẹ́, ó yọ èyí tó kán, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ó nu gíláàsì náà, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ fi í sí ojú ẹni tó ni ín. Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọbìnrin náà rí kedere ní òwúrọ̀ yẹn ni ojú ọkùnrin yìí, tó ń wò ó bóyá gíláàsì náà tọ́ tàbí ó wọ́. Ó dúpẹ́, ó sì sá jáde.

Nírọ̀lẹ́, ó padà wá.

"Mo ní kí n wá sọ fún yín ni. Wọ́n ní mo yege."

"Ẹ kú oríire o! Ẹ ti wá di dókítà nìyẹn. Dókítà kí ni?"

"Ikán."

"Ikán náà ń ṣàìsàn?"

Ẹ̀rín tó ti há sí ọmọbìnrin náà láyà láti àárọ̀ bú jáde, ó sì rín in títí omijé fi dé. Ó ṣàlàyé pé ìgbé ayé ikán lòun ń wádìí, pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀gán lòun máa ń jókòó sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ìdí nìyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun fi ń pe òun ní Ìyá Ikán. Ọkùnrin náà ní Onígíláàsì ni wọ́n ń pe òun, bí wọ́n ṣe ń pe bàbá òun tó ti dolóògbé, tó fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ fún òun. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọ̀sẹ̀ tí gíláàsì Ìyá Ikán kò ní láti "yẹ̀ wò." Kò sì sí ohun tó ṣe gíláàsì náà.

Nígbà tí ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára, tí "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, Ìyá Ikán sọ ohun tó ń gbé e lọ́kàn. Oyè tó gbà yẹn kì í ṣe òpin ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ ní yàrá ìwádìí tirẹ̀ lọ́la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan fún ọdún bíi méjì. Pósítidọ́ọ̀kì ni àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà ń pè é.

"Jẹ́ kó yé mi," Onígíláàsì ní. "O ti kọ́ṣẹ́, o ti gba òmìnira, o tún wá ń wá ọ̀gá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Iṣẹ́ yín mà le o! Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́, bàbá mi ni, síbẹ̀ ọjọ́ tí mo gba òmìnira, ijó ni mo jó."

"Tèmi yàtọ̀. Irú ọ̀gá tí mo bá rí ló máa sọ irú ẹni tí mo máa dà. Ọ̀gá rere á ṣílẹ̀kùn fún mi. Èyí tí kò bá sunwọ̀n, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà."

Ó kọ̀wé sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nílé lóko, lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn kan kò fèsì. Àwọn kan ní kò sówó. Ọ̀kan dáhùn tìdùnnú-tìdùnnú, àmọ́ orúkọ ẹlòmíì ló fi pè é. Bí fóònù bá dún, àyà rẹ̀ á já. Bó bá wò ó, ìpolówó bàtà ni. Kò gbádùn oúnjẹ mọ́. Onígíláàsì a máa tù ú nínú pé ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn tirẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹnikẹ́ni tó wà lọ́nà jíjìn má ṣe dáhùn. Ojú ara rẹ̀ ń tì í nítorí àdúrà yẹn. Síbẹ̀, kò ṣíwọ́ àdúrà náà.

Ìdí rẹ̀ ni ìyá rẹ̀.

Òkè ṣọ́ọ̀bù náà ni tìyátọmọ ń gbé. Ọjọ́ tó mú Ìyá Ikán lọ kí i, ìyá náà jókòó sórí àga tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ kan.

"Wọ́n ní dókítà ni ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Orúnkún ọ̀tún yìí kò jẹ́ kí n sùn láti ìjẹta."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Èmi kì í ṣe dókítà ìwòsàn. Ikán ni mo ń wádìí."

Ìyá gbójú sókè, ó wo igi àjà ilé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. "Ikán. Èyí tó ń jẹ ilé."

"Òun náà ń kọ́lé, mà."

"Ilé ta ni?"

Onígíláàsì rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sẹ́ni tó bá a rín in. Ìyá na ọwọ́ sí àwòrán kan lára ògiri. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nìyẹn. Ọmọ gidi ni. Ó ní ọdún kan lòun máa lò lókè òkun. Àkọ́bí rẹ̀ ti ga jù mí lọ báyìí, n ò sì tíì fọwọ́ kàn án rí. Inú fóònù ni mo ti ń tọ́ ọmọ-ọmọ. Ọmọ mi, n kò kórìíra rẹ. O ní ẹ̀kọ́, ojú rẹ sì fani mọ́ra. Bí o bá rí iṣẹ́ rẹ nílùú yìí, mo ti gbà ọ́. Bó bá jẹ́ pé o máa fò ni, ẹ má wulẹ̀ dá mi lágara. Ọmọ kan nínú fóònù ti tó mi."

Ìyá Ikán wo Onígíláàsì, ó ń retí pé kó sọ nǹkan kan, bó ti wù kó kéré mọ. Onígíláàsì ń fi ìka pa etí ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ náà kanrí ni àbúrò bàbá Onígíláàsì, obìnrin tó ń tọ́jú eyín, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Àǹtí Eléyín. Kò sí ìjà tí kò lè parí, kò sì sí àṣírí tó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ó ní. "Ọ̀jọ̀gbọ́n Kòkòrò tó wà ní yunifásítì yín, ṣebí èmi ni mò ń tọ́jú eyín rẹ̀! Ẹni tó ti la ẹnu gbàgà níwájú ènìyàn kò lè ṣakọ sí onítọ̀hún mọ́. Màá bá a sọ̀rọ̀."

Ó bá a sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ọ̀jọ̀gbọ́n náà sì gbà. Inú ẹbí dùn. Ìyá Onígíláàsì fúnra rẹ̀ pe Ìyá Ikán ní "ìyàwó wa" fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìyá Ikán dúpẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó bi òun bóyá òun fẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kòkòrò lókìkí. Yàrá ìwádìí rẹ̀ mọ́ tónítóní, ìwé ìròyìn tí àwòrán rẹ̀ wà nínú rẹ̀ sì kún ara ògiri. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n náà ṣe wọlé ni gbogbo àwọn tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ dákẹ́.

"Ìyá Ikán! Mo ti ka iṣẹ́ rẹ. Èyí tí o kọ nípa afẹ́fẹ́ inú ọ̀gán yẹn dáa. A máa gbé e síwájú."

"Ẹ ṣé, sà. Mo rò pé kì í ṣe òórùn nìkan ni ikán fi ń mọ ibi tí ilé wọn ti lu. Mo rò pé bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yí padà lára wọn ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Kí lẹ rò sí i, sà?"

"Mo rò pé wàá kó gbogbo ohun tí o ti rí wá fún mi kí oṣù yìí tó parí."

Ìyá Ikán tún bi í. "Sà, ṣé mo lè bá ẹnì kan tó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín rí sọ̀rọ̀?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Kí lo fẹ́ bi wọ́n? Ṣé ọkọ ni mo fẹ́ dà fún ẹ ni, tí o fi ń wádìí mi?" Àwọn tó wà níbẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ìyá Ikán rí i pé wọ́n kọ́kọ́ wo ojú ọ̀gá kí wọ́n tó rín in.

Kò sẹ́ni tó fún un ní orúkọ kankan, ló bá wá a fúnra rẹ̀. Nínú àwọn iṣẹ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti tẹ̀ jáde, ó rí orúkọ ọkùnrin kan tó ń hàn léraléra tẹ́lẹ̀, tó sì pòórá lójijì. Ó béèrè títí ó fi bá a ní iléèwé girama kan, nínú yàrá àwọn olùkọ́, tó ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ.

"Kì í ṣe ìkà," olùkọ́ náà ní. "Ìyẹn ló jẹ́ kó ṣòro láti sọ. Á bá ẹ ṣàwàdà. Á béèrè àlàáfíà bàbá rẹ. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wá sí ẹ lọ́kàn láàárọ̀, tó bá fi máa dalẹ́ á ti di tiẹ̀, ìwọ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì?"

"Mo gbìyànjú ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbà ọ́ á kọ́kọ́ bi ọ̀gá rẹ léèrè. Ó ní, 'Ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí ojú ènìyàn bá wà lára ẹ̀.' Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Ó ti tó." Ó fa ìwé mìíràn sọ́dọ̀. "Àwọn ọmọ ibí fẹ́ràn mi. Mi ò banújẹ́ mọ́. Àmọ́ ìwọ lo bi mí."

Ìyá Ikán fẹsẹ̀ rìn padà sílé. Kò sọ fún Onígíláàsì. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ọ̀rọ̀ ẹni tí inú ń bí ni, bóyá ti òun á yàtọ̀, bóyá ọdún méjì kò pẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú lọ́wọ́ nígbà tí ìpè kan wọlé láti òkè òkun. Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan ni, èyí tí Ìyá Ikán ti kọ̀wé sí tipẹ́tipẹ́, tó sì ti sọ ìrètí nù lórí rẹ̀. Irun obìnrin náà kún fún eruku lójú fóònù.

"Inú igbó ni mo wà láti ọjọ́ yìí, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀," ó ní. "Mo ti ka ohun tí o kọ. Mo rò pé o ṣì í."

Kò tilẹ̀ kí i.

"Níbo ni mo ti ṣì í, mà?"

"Níbi tí o ti ní afẹ́fẹ́ ni. Òórùn ni. Jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí o máa sọ."

Ìyá Ikán sọ ọ́. Obìnrin náà tako ó. Ìyá Ikán fi iṣẹ́ rẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀. Obìnrin náà gba apá kan, ó kọ apá kejì. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń fa okùn, tíì tó bù sínú ife tutù, ìdààmú gbogbo tó ń dà á láàmú sì fò lọ. Nígbà tó yá, obìnrin náà fọwọ́ gbá tábìlì.

"Mi ò tíì gbà fún ẹ o. Máa bọ̀ níbí ká jọ wá ẹni tó jàre. Orúkọ rẹ ló máa ṣáájú lórí ohun tí o bá rí, bí o bá sì ń lọ, máa kó iṣẹ́ rẹ dání. Mo nílò èsì kí oṣù tó parí. Màá fi nọ́ńbà gbogbo àwọn tó ti kúrò lọ́dọ̀ mi ránṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ò fẹ́ràn mi. Òun ni kó o kọ́kọ́ pè."

Òun náà ló kọ́kọ́ pè. "Ó le bí òkúta," ẹni yẹn ní. "Ó máa ń gbàgbé pé ènìyàn ń jẹun. A jà, a ò sì tíì parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò mú ohunkóhun mi rí."

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Ikán lọ bá Onígíláàsì níbi tó ti ń fi ẹ̀rọ lọ gíláàsì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un, ti olùkọ́, ti obìnrin eléruku. Onígíláàsì pa ẹ̀rọ. Ariwo ẹ̀rọ náà lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dákẹ́.

"Èwo lo fẹ́ nínú wọn?"

"Obìnrin yẹn."

"Lókè òkun."

"Fún ọdún méjì."

"Ẹ̀gbọ́n mi ní ọdún kan."

"Èmi kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ iṣẹ́, ó tún un nù. "Fara dà á," ó ní. "Jọ̀ọ́. Ọdún méjì náà ni tibí. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn bá mú nǹkan, jẹ́ kó mú un. Ọgbọ́n rẹ kò lè tán. Lẹ́yìn náà a ó jọ…"

"Bí ẹnì kan bá wọ ṣọ́ọ̀bù yìí, tó pa orúkọ bàbá rẹ rẹ́ lójú pátákó, tó kọ tiẹ̀ sí i, ṣé wàá fara dà á?"

"Ìyẹn yàtọ̀."

"Báwo ló ṣe yàtọ̀?"

"N ò lè fi Màámi sílẹ̀!"

"Ta ló ní kó o fi wọ́n sílẹ̀? Èmi ni mò ń lọ. Dúró dè mí, ohun tí mò ń sọ nìyẹn."

"Ẹni tó ń dúró deni, mo mọ bó ṣe ń rí," Onígíláàsì ní, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Mò ń bá ọ̀kan gbé."

Ìyá Ikán mú báàgì rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bóyá ó máa pe òun padà. Ẹ̀rọ ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àǹtí Eléyín wá, ó bínú. "Ṣé o fẹ́ kí n máa wo ẹnu ẹni tí mo dójú tì ni? Mo ti fi orúkọ mi tọrọ àyè fún ẹ!" Ìyá Ikán bẹ̀ ẹ́, àmọ́ kò ṣèlérí. Nígbà mìíràn á mú fóònù, á kọ "Mo ti gbọ́, màá dúró" sí Onígíláàsì, á sì pa á rẹ́. Nígbà mìíràn á ṣí ìwé obìnrin òkè òkun, á pa á dé. Ta ló máa ń fi ọkùnrin rere sílẹ̀ nítorí ikán? Bí ó bá sì dúró, ta ni ọkùnrin rere náà máa fẹ́? Ṣé òun náà ni, àbí ẹnì kan tó ń wo ojú ọ̀gá kó tó rẹ́rìn-ín?

Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà àfi ìgbà tí eyín Ọ̀jọ̀gbọ́n Kòkòrò tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó jókòó lórí àga Àǹtí Eléyín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ti kú tipiri nítorí abẹ́rẹ́. Àǹtí ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀ pé kó má bínú, pé ọmọ náà ṣì ń ronú.

"Ẹ má dààmú," ọ̀jọ̀gbọ́n ní, ahọ́n rẹ̀ wúwo. "Irú wọn ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà níbí, tí ìyá ọkọ dì í mú, ibo ló fẹ́ sá lọ? Àwọn tí kò ní ìdè ló ń yọ mí lẹ́nu."

Àǹtí Eléyín fà á ní eyín. Èyí tó ń dùn ún náà ló fà, àmọ́ ó sọ lẹ́yìn náà pé ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run tó di òun lọ́wọ́ mú. Kò tilẹ̀ ti ilé ìtọ́jú rẹ̀ dáadáa kó tó wá bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"'Tí ìyá ọkọ dì í mú,'" ìyá Onígíláàsì tún un sọ.

"Bó ṣe wí nìyẹn."

"Èmi ló ń bá wí."

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe pé ó…"

"Èmi ló ń bá wí. Èmi ni okùn tó fẹ́ fi so ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ikán jí, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó sì kọ̀wé sí obìnrin òkè òkun pé òun gbà, òun ń bọ̀. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ó lọ sí yàrá tí àwọn ikán rẹ̀ wà ní yunifásítì, torí kò mọ ibòmíràn tó lè lọ. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ẹnì kan kanlẹ̀kùn.

Ìyá Onígíláàsì ni. Ó ti gun àtẹ̀gùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó di orúnkún ọ̀tún mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jókòó!"

Kò jókòó. Ó ń wo àpótí tí ikán wà nínú rẹ̀ láti òkèèrè. "Ṣé wọn ò lè jáde?"

"Wọn ò lè jáde, mà."

"Kí ni wọ́n ń ṣe yẹn?"

"Mo dá ihò sí ilé wọn láàárọ̀. Wọ́n ń dí i."

Ìyá sún mọ́ ọn díẹ̀. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló yíjú. "Mo fẹ́ sọ nǹkan kan, má dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, torí bí mo bá dúró n ò ní lè sọ ọ́ mọ́. N ò fẹ́ kí o lọ. Bí o bá lọ, ẹ̀rù á máa bà mí lójoojúmọ́ pé ọmọ mi á tẹ̀ lé ọ. Ṣùgbọ́n n ò lè jẹ́ ẹni tí ọkùnrin yẹn á fi dì ọ́ mú. Bí iṣẹ́ rẹ bá wà lọ́hùn-ún, lọ. Mo ti sọ ọ́."

Ìyá Ikán rò ó pé kí òun kàn kúnlẹ̀, kí òun dúpẹ́, kí òun sì pa ìyókù mọ́ inú. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Mà," ó ní, "mo ti gbà á. Láàárọ̀ yìí. Kí ẹ tó dé."

Ìyá náà wò ó. Ojú rẹ̀ le. "O ti gbà á."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èmi wá fi orúnkún yìí gun gbogbo àtẹ̀gùn yẹn láti wá fún ọ ní ohun tí o ti mú?"

"Ẹ má bínú, mà. N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ yín ni mo tẹ̀ lé, kó má di pé lọ́jọ́ kan ẹ máa bá ara yín wí nítorí mi. Ṣùgbọ́n mo ṣì fẹ́ ohun tí ẹ mú wá. Mo fẹ́ ẹ gan-an ni."

Ìyá wá àga, ó sì jókòó wàyí. "Ọmọ mi mọ̀?"

"Kò mọ̀, mà."

"Lọ sọ fún un. Má jẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi ló ti máa gbọ́ ọ. Àti pé, ọmọ, o láyà. N ò ní parọ́, ó ń bí mi nínú, àmọ́ o láyà."

Oníbàárà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Ìyá Ikán débẹ̀. Ó dúró títí onítọ̀hún fi lọ. Onígíláàsì kò gbójú sókè.

"Mo ti gba iṣẹ́ yẹn," Ìyá Ikán ní. "Ti òkè òkun."

"O ò bi mí."

"Mo bi ọ́. O ní kí n fara dà á."

Onígíláàsì gbọ́ ọ, ó sì gbé gíláàsì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìyá Ikán ti múra sílẹ̀ de ariwo. Ó ti múra sílẹ̀ de kó ní kó máa lọ. Ó rí i pé ètè ọkùnrin náà ń gbọ̀n.

"Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń korò lẹ́nu mi," ó ní. "Mo máa ń tún un sọ bí mo bá dá wà. Fara dà á. Bí ẹni ń bá ẹrú sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ wá bẹ̀ ọ́, mo sì ń bẹ̀rù pé bí mo bá bẹ̀ ọ́ tán, wàá lọ."

"Mò ń lọ."

"Mo gbọ́." Ó fa èémí. "Bí mo bá ní mi ò bẹ̀rù, irọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí o tó lọ, ṣé a lè lọ sí kóòtù? Kì í ṣe láti so ọ́ mọ́lẹ̀ o. Kí n lè mọ ẹni tí mò ń dúró dè ni."

Ẹkún ni Ìyá Ikán fi dáhùn. Ó gba ìṣẹ́jú díẹ̀ kí Onígíláàsì tó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ló ń sọ.

Wọ́n ṣègbéyàwó ní kóòtù. Ìyá àti Àǹtí Eléyín ló fọwọ́ síwèé fún wọn gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Kò pẹ́ sí i, Ìyá Ikán wọ ọkọ̀ òfuurufú, ìyà tí wọ́n ń bẹ̀rù sì dé lóòótọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́ fún ọ̀kan, ó ti ṣú fún èkejì. Wọ́n máa ń jà lórí ìpè tó já, wọ́n máa ń jà lórí ìpè tí kò wọlé rárá. Oṣù kan wà tó dá Onígíláàsì lójú pé ìyàwó òun ti gbàgbé òun. Inú igbó ni ìyàwó wà, níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nígbà tí Onígíláàsì rí owó ọkọ̀ àti ìwé ìrìnnà láti lọ kí i, ó ti ṣọ́ọ̀bù fún ìgbà díẹ̀. Ìyá rẹ̀ di ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní, "Bí o kò bá padà, màá wá fi etí fà ọ́ wálé."

Ojú ti àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n ríra, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi han ara wọn. Yàrá tí Ìyá Ikán ń gbé kéré, àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, olúkúlùkù sì ń ní kí èkejì jókòó. Láàárọ̀, ó ní òun gbọ́dọ̀ yọjú síbi iṣẹ́, pé ọ̀gán kan wà tí òun gbọ́dọ̀ wò.

"Màá bá ọ lọ," ọkọ rẹ̀ ní.

Wọn kò tíì dé ìdí ọ̀gán náà tí obìnrin kan tó wọ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ fi jáde sí wọn, tó ń ju ìwé lọ́wọ́. Kò kí ẹnì kankan. Ó ní irọ́ ni ohun tí Ìyá Ikán kọ lánàá. Ìyá Ikán ní kì í ṣe irọ́. Obìnrin náà lọgun. Ìyá Ikán náà lọgun. Onígíláàsì rò pé wọ́n ń lé ìyàwó òun níṣẹ́ níṣojú òun. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú láti lọ bẹ̀bẹ̀ nígbà tó rí ojú ìyàwó rẹ̀.

Ojú náà ń tàn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, kò tíì rí ojú yẹn rí. Ìyá Ikán ń fi ìka gún afẹ́fẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu, ọ̀gá náà sì dákẹ́, ó fetí sílẹ̀, ó mi orí, ó yọ bírò láti ẹ̀yìn etí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó gbọ́, ó kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Èyí ni ohun tí òun ní kó fi sílẹ̀. Onígíláàsì dúró síbẹ̀, ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ òun lára dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wá àpótí onígi kan, ó dojú rẹ̀ dé, ó jókòó lé e lórí, ó sì ń dúró kí wọ́n parí.

Wọn kò tètè parí.